Ẹni Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Pupa

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n ń ka iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ní ìlú kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: ṣé ẹni tó lọ bi wọ́n jókòó? Àwọn ọmọ mi ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn. Wọ́n á ní, "Màámà ti tún bẹ̀rẹ̀." Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Nínú àwọn ọdún 1950 ni, kí a tó gba òmìnira. Mo jẹ́ ọmọbìnrin ìlú Ọ̀wọ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún. Mo mọ ìwé kọ, mo mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, èyí tí kò jẹ́ kí ara tu àwọn tó wà nítòsí mi. Mo máa ń yára sọ̀rọ̀, mo sì máa ń yára bínú. Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá ń ta sùúrù lọ́jà, èmi yóò ná an títí ọjà yóò fi tú, n kò sì ní rà á.

Ọ́fíìsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nígbà náà, yàrá kan péré tí a fi páànù bò, igi ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń ṣíji bo àwọn tó bá wá. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó rí iṣẹ́, àti ibi tí wọ́n ti ń wá ènìyàn, ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú tó yí i ká títí dé Ifọ̀n. Ìwé ńlá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi. Pupa ni ti àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀ ewé ni ti àwọn tó rí iṣẹ́. Dúdú ni ti àwọn àyè tó ṣófo. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ará ibí, apá Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lo awò ojú, wọ́n sì ti gbé e kiri ìlú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tú ẹrù rẹ̀ tán mọ́ níbikíbi tó bá dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó tẹ́ ìwé ìbéèrè kan síwájú mi, ó ní bí a ṣe ń bi ará Ọ̀wọ̀ yìí náà ni wọ́n ṣe ń bi àwọn ará Gold Coast, tí wọ́n ń bi àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n ń bi àwọn òyìnbó nílé wọn. Bí ìdáhùn bá pé, wọn yóò to gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò wo ìlú tí iṣẹ́ gbé ń sọnù àti ìlú tí iṣẹ́ gbé ń yọ.

Ó ní, "Nítorí náà, o ò gbọdọ̀ yí ìbéèrè kankan padà. Bí o bá fi igbá wọn gàrí tìrẹ, tí ẹlòmíràn fi kóńgò wọn tirẹ̀, ta ló máa mọ èyí tó pọ̀ jù?"

Mo ní mo ti gbọ́, ọ̀gá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun ọ̀sán. Ẹ sáà rò ó wò, kí ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ ní Ọ̀wọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹnìkan kọ ní Íńdíà!

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé náà kò le rárá. Ohun tó wí ni pé: ǹjẹ́ ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ojúlé ni mo gbọ́dọ̀ máa wọ̀ láti bi wọ́n, n óò sì máa kọ èsì. Mo pinnu pé ilé wa ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, kí n lè dán ohùn mi wò.

Bàbá mi ni ẹni tí mo kọ́kọ́ bi. Òṣìṣẹ́ ni ní ilé ìlagi kan lójú ọ̀nà Ifọ̀n, òun ló ń wọn gẹdú kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí gẹdú bá ti dé láti inú igbó, bàbá mi yóò ta téèpù yí i ká, yóò wo orí rẹ̀, yóò wo ìdí rẹ̀, yóò sì sọ iye pákó tó wà nínú rẹ̀ kí ayùn tó kàn án. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣìnà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìjọ Áńgílíkà ló ń lọ, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn kí bàtà òun àti kẹ̀kẹ́ òun máa dán.

Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń nù ní àgbàlá lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo ṣí ìwé mi.

"Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, o ò rí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹ dá mi lóhùn bí ìwé ṣe wí, Bàbá."

Ó tún tẹríba sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "A dúpẹ́. Uṣẹ́ ń lọ."

Uṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń pe iṣẹ́ láàárín ara wa. Mo kọ ọ́ pé ó ní iṣẹ́. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó gbé abọ́ onídèérí tí iṣu sísè àti ata díndín wà nínú rẹ̀ fún un, ó sì padà wọlé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá mi so abọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gùn ún lọ. Mo fi ìlà sábẹ́ èsì rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn kí ìwé mi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rìn ní àárín ìlú, láàárín àwọn aránṣọ àti àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èmùrè-Ilé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Upẹnmẹn. Bàtà tuntun tí mo rà fún iṣẹ́ ìjọba yìí bó mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti bọ́ ọ, nítorí akọ̀wé kì í rìn láìní bàtà. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń dúró, tí mò ń kí wọn, tí mò ń bi wọ́n, tí mo sì ń kọ èsì. "A dúpẹ́ o." "Ọlọ́run ń ṣe é." "Alihamudulilai, kò sí wàhálà." Gbogbo wọn ni mo kọ pé wọ́n ní iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìwé pupa mi mọ́ fóò, àfi àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá sí ọ́fíìsì.

Ifọ̀n nìkan ni mo ti rí ohun tí mo fi sínú ìwé dúdú. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ayùn ọwọ́ la pákó nínú igbó, wọ́n ti para pọ̀ di ẹgbẹ́. Olórí wọn sọ fún mi pé àwọn oníbàárà ń rẹ́ àwọn jẹ nítorí pé kò sí ẹni tó mọ gẹdú wọ̀n dáadáa láàárín wọn. Wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́ lóṣooṣù. Ó ní àwọn yóò dúró de ọ́fíìsì wa títí ọjà mẹ́ta yóò fi ná, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún sì ni a ń ná ọjà. Bí a kò bá rí ènìyàn fún wọn, wọn yóò pe ọkùnrin kan tí wọ́n mọ̀ láti ìlú Ẹ̀dó. Mo kọ ọ́, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i. Nígbà tí mo fi han ọ̀gá mi, ó ní àyè iṣẹ́ gidi ni èyí, ṣùgbọ́n òfin ni pé inú ìwé pupa nìkan ni a ti lè mú ẹni tí a óò rán lọ, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ pé òun kò níṣẹ́.

Ó ṣí ìwé pupa náà, ó sì wò mí lókè awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé Ọ̀wọ̀ ni ibí ni, àbí Párádísè? Àbí gbogbo ènìyàn ló níṣẹ́ lọ́wọ́?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́, ọ̀gá." Inú bí mi. Mo rò pé ó ń sọ pé mi ò rìn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣì ń ta mí.

Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ni lẹ́tà kan dé láti ilé ìlagi ojú ọ̀nà Ifọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ni ibẹ̀ ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, pé àwọn ti dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ wọn nìyí. Orúkọ náà kún ojú ìwé kan, ó tún wọ èkejì. Ọ̀gá mi gbé e fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí òjò. Mo rí orúkọ tí mo mọ̀ ní Èmùrè-Ilé, ẹni tí ìyá rẹ̀ ní a dúpẹ́. Mo rí ti Upẹnmẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rí orúkọ bàbá mi.

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo tún un kà bóyá ojú mi ló ṣe mí. Òun ni. Orúkọ ìsàmì rẹ̀ ló wà níwájú, orúkọ ilé wa ló tẹ̀ lé e, wọ́n sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀: awọn-gẹdú, ẹni tó ń wọn gẹdú.

N kò ní parọ́ fún yín, ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi, kì í ṣe àánú. Mo bínú pé bàbá mi parọ́ fún ìwé ìjọba. Mo bínú pé ó mú mi ní òmùgọ̀. Mo bínú pé gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń kúnlẹ̀ kí i pé kó lọ ire kó bọ̀ ire, kò sí ibi tó ń lọ. Àánú ò dé títí di ìgbà tí mo ń bọ̀ nílé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, níbo ló wá ń lọ?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Bàbá mi ti dé, ó ń nu kẹ̀kẹ́. Mo wo irun rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí bàbá mi bá ti ilé ìlagi dé, lẹ́búlẹ́bú pákó ni yóò wà lórí rẹ̀, lójú ìpéǹpéjú rẹ̀, nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá mi a gba ẹ̀wù náà, a sì gbọ̀n ọ́n ní àgbàlá kí ó tó wọ inú ilé. Mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró ẹ̀wù tí wọ́n ń gbọ̀n. Ojú mi ló wà nílé yẹn lójoojúmọ́, n kò rí i.

Mo tẹ̀ lé ìyá mi wọ ilé ìdáná. Kò tilẹ̀ yíjú sí mi tó fi ní, "O ti mọ̀."

Mo ní, "Ṣé Bàbá sọ fún yín ni?"

"Kò sọ fún mi."

"Ẹ wá ń di oúnjẹ fún un ní àràárọ̀!"

"Ṣé kí n má dì í mọ́ ni?" Ó fi ṣíbí rò ọbẹ̀ rẹ̀. "Ọjọ́ tí mi ò bá di oúnjẹ, èmi ni mo sọ ọ́ yẹn. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fẹ́, yóò sọ ọ́."

Mo sọ fún un nípa àyè iṣẹ́ tó wà ní Ifọ̀n, pé wọ́n ń wá awọn-gẹdú, pé bàbá mi ni iṣẹ́ náà tọ́ sí bí orí ṣe tọ́ sí fìlà, ṣùgbọ́n pé n kò lè kọ orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu sọ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọjà kan ti ná nínú mẹ́ta. Ìyá mi dé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ní, "Ọmọ kì í já aṣọ lára bàbá rẹ̀. Wá ọgbọ́n mìíràn dá."

N kò ní ọgbọ́n kankan. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ojú ọ̀nà Èmùrè-Ilé ni mo gbà pẹ̀lú ẹ̀dà orúkọ náà lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí n kò lè bá jà nílé, mo lè bá ẹlòmíràn jà dípò rẹ̀. Ìyá àgbà tó ní a dúpẹ́ fún mi ló wà lọ́kàn mi. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fọ́ ẹ̀gúsí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ parọ́ fún mi. Ẹ ní ọmọ yín ń ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ rèé nínú àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí láti bàtà dé orí. Kò bínú rárá, èyí sì tún bí mi nínú sí i.

Ó pe Ọ̀wọ̀ bí a ṣe ń pè é lẹ́nu tiwa, ó ní, "Ọmọ Ọ̀ghọ̀, ọjọ́ tí o wá, ṣé o jókòó?"

"Mi ò jókòó, mà."

"Ṣé o mu omi mi?"

"Mi ò mu ún, mà. Iṣẹ́ ni mo bá wá."

"O dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú gègé lọ́wọ́, o ní kí n sọ ìbànújẹ́ ulé mi fún ọ. Ẹni tó dúró, a dúpẹ́ là ń sọ fún un. Ẹni tó bá jókòó là ń bá sọ̀rọ̀." Ó ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. "Jókòó."

Mo jókòó. Ó bu omi fún mi nínú igbá, mo mu ún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀gúsí rẹ̀, èmi náà sì mú díẹ̀, mo ń bá a fọ́ ọ. Kò pẹ́, láìjẹ́ pé mo bi í ní ohunkóhun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ọmọ òun ti wà nílé láti ọjà kẹsàn-án sẹ́yìn. Oko kòkó arákùnrin òun ló ń bá wọn ro, wọn kì í fún un ní nǹkan kan àyàfi oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀, kò sì tíì padà dé. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí ọmọ náà ti oko dé, mo bi í ní ìbéèrè inú ìwé bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn pé rárá, òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ojú tì mí. Mo mọ àṣà yìí, ilé wa ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹni tó ṣòfò gan-an, bí àlejò bá kí i lójú ọ̀nà, a dúpẹ́ ni yóò sọ. Èmi ni mo gbé ọpẹ́ àwọn ènìyàn, tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ́ ìròyìn.

Mo bá tún ìrìn náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí mo bá dé, n óò bọ́ bàtà, n óò jókòó, n óò gba omi. Ní Upẹnmẹn, omi tí mo mu lọ́jọ́ kan péré, bí wọ́n bá dà á sínú agbè, yóò kún un. Mo bá wọn ṣa ewé, mo bá wọn gbé ọmọ pọ̀n, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọ̀rọ̀ orogún tí ìwé ìbéèrè ò bi mí. Ìwé pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ọ̀gá mi pe mí. Ó ní, "Èsì àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí èsì kejì. Kí lo yí padà nínú ìbéèrè?"

"Mi ò yí ohunkóhun padà, ọ̀gá. Mo kàn jókòó ni."

"O jókòó?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè ní ìlú òyìnbó, ṣé wọ́n ń mu omi nílé àwọn ènìyàn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ń gbọ́ òtítọ́ ní ìdúró, tí èmi sì ń gbọ́ ọ ní ìjókòó, òtítọ́ méjèèjì ni wọ́n yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èmi náà bá dúró, ìkíni ni wọn yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òtítọ́."

Ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́, nítorí pé ohùn mi ti ga jù. Ọ̀gá mi wọ awò ojú rẹ̀ padà. Ó mú gègé tirẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí ìwé tí a óò fi ránṣẹ́ pé, ní agbègbè yìí, ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti kú báyìí. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù tí n kò jókòó tì, bàbá mi. Ọjà kejì ti ná. N kò lè wọ ilé ara mi bí àlejò kí n ní kí wọ́n fún mi lómi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó jókòó sí àgbàlá, mo fi ìwé mi sílẹ̀ nínú yàrá, mo bu omi fún un, mo sì jókòó sórí ẹní nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. A jọ ń wo àwọn ewúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ifọ̀n bí ẹni tó ń sọ ìtàn tí kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ní àwọn onípákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ gẹdú wọ̀n.

Bàbá mi ní, "Gẹdú wo ni wọ́n ń là?"

"Ìrókò àti ọ̀mọ̀, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń mú ènìyàn?"

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé pupa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tí ọjà tó ń bọ̀ yìí bá ti ná, wọ́n á pe ará Ẹ̀dó."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dìde, ó sì lọ bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé mo ti tú u níhòòhò láìfọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi bí i ti àtẹ̀yìnwá, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo sunkún díẹ̀ kí n tó fọ ojú lọ sí ibi iṣẹ́.

Èrò pọ̀ ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ wà lórí ìlà, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ sì wà lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé òòrùn ni wọ́n ń sá. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ́fíìsì náà ni àwọn àgbàlagbà yìí ti ń wá sábẹ́ igi, kò sí èyí tó wọlé rí. Mo ń kọ̀wé lọ, mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kí ẹnìkan. Mo gbé ojú sókè. Bàbá mi ni, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara igi, bàtà rẹ̀ ń dán. Àwọn ọ̀dọ́ ní kó wá síwájú, ó ní rárá, ẹ̀yìn wọn ni òun wà. Ó tò sórí ìlà lẹ́yìn àwọn tó lè bí.

Ó pẹ́ kó tó kàn án. Nígbà tó dé iwájú tábìlì, mo fò dìde, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Dìde, akọ̀wé. Jókòó kí o ṣe uṣẹ́ rẹ."

Kò pè mí ní ọmọ. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, bí mo ṣe dúró tì í ní àgbàlá lọ́jọ́ náà. N kò lè bi í bẹ́ẹ̀. Mo gbé àga tèmi yí tábìlì ká, mo gbé e sí ìdí rẹ̀, mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Mo lọ sídìí ìkòkò omi tó wà ní igun yàrá, mo bu omi wá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọ̀gá mi ń wò wá láti ìdí tábìlì tirẹ̀. Bàbá mi jókòó. Ó mu omi náà tán pátápátá.

Èmi ló kù tó wà ní ìdúró, mo bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo gbé ìwé pupa lé e lórí níbẹ̀.

"Ǹjẹ́ ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Rárá," ni bàbá mi wí. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Uṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjà mọ́kànlá rèé."

Ọjà mọ́kànlá. Gbogbo àwọn abọ́ iṣu wọ̀nyẹn ni mò ń rí níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Omi ojú mi kán sórí ìwé, tàdáwà ràn, orúkọ bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà mọ́. Ọ̀gá mi tí kì í gba àbààwọ́n kankan láàyè kò ní kí n tún un kọ. Nígbà tí mo fi máa gbé ojú sókè, méjì nínú àwọn àgbàlagbà abẹ́ igi ti wà lórí ìlà.

Mo kọ lẹ́tà tí yóò mú lọ sí Ifọ̀n fún un lọ́jọ́ náà. Kò sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ fún ìyá mi nígbà yẹn, ibi tó ń lọ ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹ̀bá igbó lọ́nà Upẹnmẹn ló máa ń jókòó sí, tó ń fi téèpù rẹ̀ wọn àwọn igi tó wà ní ìdúró, kí ojú rẹ̀ má baà gbàgbé iṣẹ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí Ifọ̀n, èmi ni mo di abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Kó tó di pé òòrùn wọ̀, mo ti wà ní àgbàlá, ìyá mi náà wà níbẹ̀, àwa méjèèjì ń ṣe bí ẹni pé ewúrẹ́ la ń wá. A gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, irun rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, ó ń sín. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó nà án sí ìyá mi. Ìyá mi gbà á, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́búlẹ́bú pákó sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀ láti gbá a. Ìyá mi gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi lẹ́búlẹ́bú náà sílẹ̀ níbẹ̀ di ọ̀la.